Owó Káńsù Ń Wọlé, Níbo Ló Ń Gbà Jáde?

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè sọ fún mi ohun tí káńsù wa fowó ṣe lọ́dún tó kọjá? Ẹ má fi àwòrán alága tó ń pín ìrẹsì hàn mí o. Ìṣirò ni mò ń bèèrè: èló ló wọlé, èló ló jáde, kí ni wọ́n rà, ọwọ́ ta ni wọ́n ti rà á?

Èyí tó ń wọlé ò fara sin. Oṣooṣù ni wọ́n ń pín in l'Ábújá, tí ìwé ìròyìn á gbé e. Nínú àpò àpapọ̀ tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà. Nínú owó VAT, ìyẹn owó orí tí à ń san lórí ọjà, ìdá 35. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, iye tí wọ́n ń pín ti ròkè lálá. Wọn á ní náírà ò níyì mọ́, pé owó tó pọ̀ yẹn ò ra nǹkan. Mo gbà. Ṣé náírà tèmi wá níyì ni, tí wọ́n fi ń fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì tí káńsù ń já fún wa?

Àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì ò sì ń pa ọjọ́ jẹ. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó pátákó, owó ìdọ̀tí. Kí n ní ọkọ̀ ìdọ̀tí ò wá, wọ́n á ní ẹ̀ka mìíràn nìyẹn. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kúkú yọ̀ǹda kí káńsù gbowó láìsẹ́ǹsì rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó fi dórí ọmọlanke! Ojú ìwé kan náà ló ní kí wọ́n la gọ́tà, kí wọ́n tún ọjà ṣe, kí wọ́n kó ilẹ̀. Àbí ibi owó gbígbà ni wọ́n kà á dé?

Ẹ bi wọ́n ní káńsù, wọ́n á nawọ́ sí gómìnà: inú àsùnwọ̀n àjùmọ̀ni tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní lowó wà, owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ. Ẹ dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n á ní ẹ lọ bi alága. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí gómìnà má dáwọ́ lé owó náà mọ́, kó máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Inú wa dùn dé ọrùn. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan lèmi rí tó ń dé tààrà.

Ìyá tó ń kó àjọ wa ò dé ilé ìwé gíga kankan, síbẹ̀ lóṣù Dìsẹ́ńbà, á kà á létí gbogbo wa, dé orí owó omi tútù tá a mu nípàdé. Káńsù tó ní akáǹtáǹtì àti ọ́dítọ̀ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Gúlú tí wọ́n fi ń lẹ ìwé gbèsè mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi yẹn, kí wọ́n fi díẹ̀ nínú ẹ̀ lẹ ìṣirò ọdún mọ́ géètì káńsù. Mo ti sanwó gúlú yẹn tipẹ́.