Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà tí a fowó wa rà?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi gbé laptop tuntun wá sílé mi, ọ̀rá ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi Ubuntu sí i, irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Mo ki flash bọ̀ ọ́, mo tàn án, mo ń tẹ F12 léraléra. Bí àpótí pupa kan ṣe yọ sójú rẹ̀ nìyẹn: “Secure Boot Violation”.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ báyìí?”

Kò bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí àbúrò mi tu owó jọ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rà ló ń sọ fún un pé àlejò tó mú wá kò ní wọlé.

Kí Windows tàbí Linux tó jí rárá, UEFI ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí púpọ̀ nínú wa ṣì ń pè ní BIOS. Secure Boot ni mégáàdì ẹnu ọ̀nà ibẹ̀. Ó ń yẹ ìbuwọ́lù ohun tó fẹ́ wọlé wò. Èyí tí kò bá dá mọ̀, ìta géètì ni yóò wà. N kò bá mégáàdì jà o. Olè tó ń wọlé kí onílé tó jí wà lóòótọ́, irú rẹ̀ ni BlackLotus, ètò aṣebi kan tí àwọn onímọ̀ ààbò tú fó lọ́dún 2023. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìwé tí mégáàdì ń wò kò sí lọ́wọ́ onílé. Ọwọ́ Microsoft ló wà. Ìwé yìí ni mo pè ní kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí Windows 8 jáde ní 2012, Microsoft ní dandan ni kí Secure Boot wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà tuntun tó bá fẹ́ gba òǹtẹ̀ Windows. Wọ́n ṣáà fi dandan lé e nígbà náà pé kí ẹni tó ra èyí tó ń lo chip Intel tàbí AMD lè pa á. Àwọn tó ń lo chip ARM ò rí àǹfààní yẹn. Nígbà tó di Windows 10 ní 2015, wọ́n mú dandan náà kúrò: ó wá kù sọ́wọ́ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bóyá yóò jẹ́ kó ṣeé pa.

Àwọn ará Linux wá ọ̀nà àbáyọ. Matthew Garrett kọ ètò kékeré kan tó ń jẹ́ shim, Microsoft ń buwọ́ lù ú, shim náà á wá dúró fún Linux. Ó ń ṣiṣẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìyá oníbúrẹ́dì ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì ìsọ̀ kejì kó tó pàtẹ! Láti 2022 sì ni àwọn kọ̀ǹpútà kan ti ń jáde tí wọ́n ti pa kọ́kọ́rọ́ tí shim ń lò láti ilé iṣẹ́ wọn wá.

Ohun tó ṣe ti àbúrò mi gan-an nìyẹn. Mo wọ inú BIOS, mo wá a títí. Lábẹ́ Security, nísàlẹ̀ pátápátá, ìlà kan wà níbẹ̀: “Allow Microsoft 3rd Party UEFI CA”, Off. Kọ́kọ́rọ́ tí shim ń lò nìyẹn. Mo yí i sí On, mo tẹ F10, Ubuntu jí. Yíyí i kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìdajì ọjọ́ la fi wá a, ìwé inú páálí rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Yóò gbà pé Linux ni kò dáa.

Ọ̀rọ̀ náà tún wá le fún àwa tó ń ra tòkunbọ̀. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ laptop tí ara rẹ̀ ṣì le ni Windows 11 kò gbà. Linux ìbá gbé wọn fún ọdún púpọ̀ sí i. Àmọ́ ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ lo òmíràn ti fi password ti BIOS rẹ̀ pa kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé Computer Village, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tàn án lójú yín, kó wọ inú BIOS, kó sì fi flash Linux gbé e dìde. Bó bá ń béèrè password tí kò mọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀.