Òkú kọ̀ǹpútà tí mò ń san owó orí rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wàásù fún mi lónìí. Mo mọ̀ pé olè jíjà ò dáa, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tinú mi ná nípa áàpù tí wọ́n ń ta fún wa ní iye kọ̀ǹpútà.

Lánàá, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀, àkọ́bí mi gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní yàrá. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Fídíò tó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe fún iṣẹ́ iléèwé ló wà níbẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ wá ìyá mi lẹ́nu wò nípa ìgbà èwe wọn. Ìyá mi jókòó, wọ́n múra dáadáa, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti iwájú orí wọn títí dé àgbọ̀n ni orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe áàpù tó fi to fídíò náà dábùú sí, lẹ́tà funfun gbàgàdà gbàgàdà, bí ilà tí olóólà tó ti mutí yó kọ. Nítòsí imú wọn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ti ọ̀fẹ́ lèyí, kí a lọ ra tiwa.

Ti ọ̀fẹ́ kẹ̀? Áàpù tí mo fi owó mi rà!

"Màmá, wọ́n ní àyè ti kún." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Àyè wo ló kún? Ẹ̀rọ mẹ́ta la sanwó fún. Ẹ̀rọ mẹ́ta náà la ní: tèmi, ti ọkọ mi, ti ọmọ yìí. Mo wọ inú àkáǹtì, mo wo orúkọ àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Tèmi nìyí. Ti ọkọ mi nìyí. Ẹ̀kẹta ni láptọ́ọ̀pù wa àtijọ́, èyí tí omi dà sí lórí lọ́dún tó kọjá, tó ti wà lábẹ́ ibùsùn láti ìgbà náà. Òkú. Òkú ló jókòó sórí àga tí mo sanwó rẹ̀, alààyè wá wà ní ìdúró.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹni tó dá mi lóhùn, bó bá jẹ́ èèyàn ni o, kí mi dáadáa. Ó ní òun mọ bó ṣe ń ṣe mí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà, kí n wọ inú áàpù, kí n tẹ ibi tí wọ́n kọ "yọ ẹ̀rọ yìí kúrò" sí. Mo ní kò tàn mọ́. Ó ní ó yé òun, àmọ́ kí n jọ̀ọ́ kọ́kọ́ tàn án. Mo ní ó ti kú. Ó ní bí kò bá ṣeé yọ láti inú ara rẹ̀, mo lè ra àyè kan sí i, wọ́n tiẹ̀ ń ta á ní ẹ̀dínwó lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní kí n lọ jí òkú, kó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ka síwèé pé òun ti kú.

Ẹ ó ní kí ló dé tí ọmọ náà ò kàn gbé fídíò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tèmi, níwọ̀n ìgbà tí áàpù yẹn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ tèmi ò lágbára tó tiẹ̀. Nítorí ìwé títẹ̀ àti ìmélì ni mo ṣe rà á. A fi fláàṣì kó àwọn fáìlì náà wá, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ pé àyè ò tó. Nígbà tí áàpù wá ṣí, ó ní òun ò rí àwọn fídíò kéékèèké tí ọmọ náà tò pọ̀, torí pé ibi tí wọ́n wà lọ́hùn-ún kọ́ ni wọ́n wà níbí. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Lẹ́yìn náà la tó tẹ̀ ẹ́ pé kó máa pò wọ́n pọ̀, èmi àti ọmọ sì jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Ó dé 17%, ó dúró. Ó dé 18%, ó tún dúró. Fáànù inú rẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kọ̀ǹpútà tó lè parí iṣẹ́ náà láàárín ogún ìṣẹ́jú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó dákẹ́ minimini, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé òkú ti gba àga rẹ̀. Aago méjì òru kọjá kí ojú ìyá mi tó mọ́.

Ẹ wò ó, bí wọ́n bá ní kí n sanwó gẹ́gẹ́ bí iye àwa tí a ń lo nǹkan yìí, mi ò ní bínú. Àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kà, bí àwọn agbowó-orí ayé àtijọ́ ṣe ń ka orí èèyàn láti ojúlé dé ojúlé. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní. Bí mo bá ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà, ìdí ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè jókòó sí. Ẹni tó ra bàtà méjì, ṣé ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní?

Ní ọ́fíìsì, ó yé mi. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó jókòó sí ìdí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tó ń fi í pa owó fún ọ̀gá. Nínú ilé ńkọ́? Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé géèmù ni wọ́n ń fi í ta. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ fún ẹni tó bá ṣáà kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀kan wà tí a kì í ṣí àyàfi tí a bá fẹ́ tẹ nǹkan jáde. Owó orí kan náà ni gbogbo wọn ń san.

Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ yìí ti dáa rí. Iléeṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Borland, àwọn ló ta Turbo Pascal, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwia mìíràn, ní $49.95 lọ́dún 1983, nígbà tí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Nínú àwọn ọdún 1980 yẹn, ìwé àdéhùn tí wọ́n fi síbẹ̀ ò ju ohun tó lè yé ọmọdé lọ: kí o lo sọ́fítíwia yìí bí ẹni ń lo ìwé. Ẹni tó wù ú lè lò ó, a sì lè gbé e láti orí kọ̀ǹpútà kan lọ sórí òmíràn, bí kò bá ṣáà ti lè ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ń lò ó níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé! Ìwé tó wà nílé mi, mo lè kà á ní yàrá, ọkọ mi lè kà á ní pálọ̀, ọmọ lè gbé e lọ síléèwé. Èèyàn méjì ò kàn lè kà á níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹyọ kan ni. Ta ló ń wá ka àga inú ilé mi kó tó ta ìwé fún mi?

Wọ́n á ní ìwé yàtọ̀, pé ìṣẹ́jú kan ló ń gbà láti da sọ́fítíwia kọ. Ó dáa, mo gbọ́. Àmọ́ láyé òde òní tó jẹ́ pé gbogbo áàpù ló ń sáré lọ jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n mọ ẹ̀rọ tó ń lò ó, wọ́n mọ ìgbà tó lò ó gbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà tí kò jábọ̀ fún odidi ọdún kan, ṣé ó di ìgbà tí wọ́n bá dífá kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti lọ?

Apple ta Leopard, sọ́fítíwia tó ń darí Mac, ìyẹn kọ̀ǹpútà tiwọn, lọ́dún 2007 ní $129 fún Mac kan, $199 fún márùn-ún inú ilé kan. Láti 2013, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu, ẹni tó ń ta Mac mọ ibi tí òun máa fi owó náà pa mọ́ sí.

Ti Microsoft ló dùn ún sọ. Office Home and Student ti 2007 àti ti 2010, àkójọ áàpù tí a fi ń tẹ ìwé tí a sì fi ń ṣe ìṣirò, ẹni tó bá ra páálí rẹ̀ lè fi í sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ilé kan. Nígbà tí ti 2013 dé, ó di kọ̀ǹpútà kan. Wọ́n tiẹ̀ dè é mọ́ kọ̀ǹpútà náà ni, bí kọ̀ǹpútà bá kú, kí Office bá a wọ sàréè. Àwọn èèyàn pariwo. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún náà, wọ́n yí ohùn padà, wọ́n ní a lè gbé e lọ sórí òmíràn, bí kò bá ṣáà ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín 90 ọjọ́, àyàfi tí kọ̀ǹpútà bá bàjẹ́ ni èèyàn ò ní dúró di ìgbà náà. Ṣé ẹ rí i? Wọ́n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń kú. Ó ṣeé kọ sínú àdéhùn. Kí wá ló dé tí àwọn tèmi yìí ò mọ̀ ọ́n kọ?

Ní oṣù kìíní ọdún 2013 yẹn kan náà ni Office 365 Home Premium jáde, kọ̀ǹpútà márùn-ún, $99.99 lọ́dún ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ilé di tóóró, ọ̀nà tí a ń gbà sanwó lọ́dọọdún wá fẹ̀ rẹrẹ. Ní 2018, wọ́n fi kíka ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèyàn: ẹni mẹ́fà, kí oníkálukú fi í sórí ẹ̀rọ tó bá wù ú, bí kò bá ti lò ó lórí ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kí n yìn wọ́n fún ìyẹn, torí ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Àfi bó ṣe di oṣù kìíní 2025 tí $99.99 di $129.99, torí pé wọ́n ti fi Copilot, olùrànlọ́wọ́ AI wọn, kún un. Ta ló sì lè lo Copilot náà? Ẹni tó sanwó nìkan. Àwọn márùn-ún yòókù ń wòran.

Ọkọ mi ti kúrò nínú ìjà yìí tipẹ́. LibreOffice, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló fi ń tẹ ìwé tiẹ̀. Láti 2010 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ wa pé kọ̀ǹpútà mélòó ló wà nílé. Ó máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti ibi iṣẹ́, tí àwọn tábìlì inú rẹ̀ bá tò ségesège, ta ló ń ké pè? Èmi náà ni.

Láàárọ̀ yìí ni mo wá pe àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tó ń kọ sọ́fítíwia jẹun, kó lè bá mi bú wọn. Kò bú wọn. Ó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé tí ẹ̀ ń sọ yìí, ibo ló parí sí?"

Mo ní báwo?

Ó ní òun ta áàpù kan rí, òun kọ ọ́ sára rẹ̀ pé fún gbogbo ará ilé ni. Oníbàárà kan ṣoṣo fi í sórí kọ̀ǹpútà mọ́kànlélógún. Òun béèrè, ẹni yẹn ní ará ilé òun ni gbogbo wọn. "Kò sì purọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ bàbá ni wọ́n."

Ẹnu mi kú. Nítorí áàpù mìíràn tí a ń san owó ẹni mẹ́fà lé lórí, àwa mẹ́ta ló ń lò ó nínú ilé yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, tí wọ́n wà ní orílẹ̀-èdè míì, ló wà lórí àga mẹ́ta yòókù. Mo ti fi wọ́n síbẹ̀ tipẹ́, kò sì wá sí mi lọ́kàn rí pé mo ń ṣe nǹkan kan. Ará ilé mi ni wọ́n. Àmọ́ wọn ò gbé nílé mi. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ "ilé" nínú ìwé àdéhùn, mi ò mọ ohun tí mo máa kọ.

Mo ṣì ń bínú o. Ọ̀rọ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi ò yí ti òkú yìí padà. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnu sọ ọ́ mọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ lóru.

Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo fa láptọ́ọ̀pù àtijọ́ náà jáde lábẹ́ ibùsùn, mo nu eruku ara rẹ̀, mo ki wáyà iná bọ̀ ọ́. Iná kékeré kan tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mi ò tíì yọ wáyà náà.