Kì í ṣe torí oògùn jẹjẹrẹ ni Otto Warburg fi gba ẹ̀bùn Nobel

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé Otto Warburg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1931 torí pé ó rí i pé ásíìdì inú ara ló ń fa jẹjẹrẹ, àti pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì (baking soda) á wò ó sàn.

Kì í ṣe òótọ́. Ó gba ẹ̀bùn lọ́dún yẹn lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí èròjà tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ara lo ọ́síjìn ni wọ́n torí ẹ̀ fún un. Ó ṣèwádìí jẹjẹrẹ náà: ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń jẹ ṣúgà gan-an, á sì sọ ọ́ di ásíìdì, kódà níbi tí ọ́síjìn wà. Ìyẹn ò sọ sódà di oògùn. Tí a bá mu ún, ásíìdì inú ikùn á pàdé rẹ̀, á hó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì bá gùfẹ̀ jáde. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ló ń tọ́jú ìwọ̀n ásíìdì rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pH, láàárín 7.35 sí 7.45, kì í ṣe sódà tí a mu.

Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ sí nobelprize.org, ẹ ó rí ìdí ẹ̀bùn náà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn fi í ránṣẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí aláìsàn kan torí ẹ̀ má lọ rí dókítà mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi gbogbo tí ti àkọ́kọ́ dé.