Omi tó ń kọjá Sábẹ̀ẹ́ kì í ṣe omi òfò

Ẹ̀yin ará Sábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, ohùn tí ẹ ń pín kiri lórí WhatsApp yẹn kò tọ̀nà o. Ó ní omi odò Ouémé tó bá ti kọjá afárá wa lọ sókun ti ṣòfò, àti pé iye omi kan ṣoṣo tá a bá fi sílẹ̀ fún odò ti tó láti January dé December.

Ẹni tó bá dúró lórí afárá lóṣù kẹsàn-án, tó tún padà wá lóṣù kẹta, á rò pé odò méjì lòun rí. Ẹ̀rọ tó ń fa omi tí ẹnikẹ́ni ò kíyè sí nígbà ẹ̀kún omi lè mú kí kòtò inú odò tí ẹja ń gbé gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní 1976, Tennant, onímọ̀ nípa ẹja ní Amẹ́ríkà, ti pín ọdún sí méjì: kí odò tó lè dára fún ẹja, ó ní kí omi tó kù nínú rẹ̀ jẹ́ ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n tí odò náà máa ń ṣàn ní ìpíndọ́gba lọ́dún, láti oṣù kẹwàá dé oṣù kẹta, kó sì jẹ́ ìdá 40 láwọn oṣù yòókù. (Oṣù tí odò wọn ń kún kọ́ ni tiwa, torí yìnyín ń yọ́ lọ́dọ̀ wọn.)

Ọ̀rọ̀ òfò ńkọ́? Ẹ bi àwọn apẹja ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò gígùn sínú pápá, whedo ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀kún omi ló ń gbé ẹja wọ ibẹ̀. Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kó o. Tí ẹ̀kún omi kò bá dé ọ̀hún, kí ni kòtò náà yóò mú?