Ìta Yemòó: Ẹ Jẹ́ Kí Ará Ifẹ̀ Ríbi Jókòó Sí

Obìnrin ni Lúwòó, ó sì jẹ Ọọ̀ni. Ìtàn sọ pé ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ lọ́jọ́ kan tó jáde, inú bí i, ló bá pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Àpáàdì ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀ dòní. Ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi nà wọ́n ró, wọ́n tò wọ́n pọ̀ bí eyín, wọ́n sì ń fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ là wọ́n láàárín níbòmíràn. Àbúrò pátápátá ni ìntàlọ́ọ̀kì táwọn kọngílá ń gbé kiri lónìí jẹ́ sí i.

Ìta Yemòó, lọ́nà Iléṣà, wà lára ibi téèyàn ti lè rí i. Lọ́dún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ṣàdédé kan idẹ: ère Ọọ̀ni kan tòun ti adé àti ìlẹ̀kẹ̀, àti ère takọtabo tí wọ́n fẹsẹ̀ kọ́ra. Frank Willett, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá walẹ̀ ibẹ̀. Ní 2015, àwọn awalẹ̀pìtàn Nàìjíríà àti ti Faransé tún padà lọ. Ibi tí àlejò ń wọ bàálù wá wò yìí, ọmọ àdúgbò Ìlódè nífẹ̀ẹ́ níbí mélòó ló ti débẹ̀?

Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ìjọba sọ ọ́ di pákì aráàlú. Pákì ni a wí o, a ò wí gbàgede òde àríyá. A mọ bó ṣe máa ń lọ: wọ́n á gé igi, wọ́n á da kọnkéré, tó bá di Sátidé, kánópì àti jẹnẹrétọ̀ á ti gba gbogbo ẹ̀. Odán ni kí wọ́n gbìn, kó jìnnà sí àpáàdì, torí gbòǹgbò odán kì í bọ̀wọ̀ fún ìtàn. Kí wọ́n ṣe bẹ́ǹṣì, kí omi wà, kí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà máa gbowó oṣù rẹ̀ déédéé. Ọkọ́ kankan ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ ibẹ̀ kí awalẹ̀pìtàn tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Owó ìwọlé ńkọ́? Ẹni tó tòkè òkun wá lè san. Ìyá tó ń tọjà Odò-Ògbè bọ̀, tó fẹ́ sọ ẹrù kalẹ̀ kó simi lábẹ́ igi, kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀.