Ta ló bu búrẹ́dì wa jẹ?

Láàárín ọdún 2022, bí èèyàn bá dúró ti àtẹ búrẹ́dì Agége ní Ìyánà-Ìpájà, tó gbé ọ̀kan sọ́wọ́, tó rí i pé ó ti fúyẹ́, tó wá fi àwàdà bèèrè pé, "Ìyá oníbúrẹ́dì, ṣé ẹ ti bu tiyín jẹ kẹ́ ẹ tó gbé e dé ibí ni?", èsì tó máa ń gbà kò ju ẹyọ kan lọ: "Ogun Ukraine ni o, kọ́sítọ́mà mi. Putin ni kẹ́ ẹ lọ bá jà."

Kò parọ́ lásìkò náà. Nígbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún yẹn, orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń ta nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 àlìkámà tó ń wọ ọjà àgbáyé. Ọkọ̀ ojú omi há sí èbúté Odesa, àlìkámà gbówó lórí, àpò fúláwà sì tẹ̀ lé e. Dísẹ́ẹ̀lì tí líta kan rẹ̀ kò tó ₦300 ní oṣù Kìn-ín-ní ti fò kọjá ₦600 kí oṣù Karùn-ún tó parí. Ẹni tó bá ti wọ ilé búrẹ́dì lóru rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń po fúláwà kì í dúró de NEPA. Àwọn ọmọkùnrin tó bọ́ra sílẹ̀ ku ṣòkòtò kékeré ń nu òógùn níwájú ààrò, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní oṣù Keje, ẹgbẹ́ kan lára àwọn oníbúrẹ́dì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti yí. Kí ọdún 2023 tó parí, àlìkámà ti wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ó tilẹ̀ ti rẹlẹ̀ ju iye tí wọ́n ń tà á kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé búrẹ́dì tiwa wálẹ̀? Ẹ bi àwọn tó ń fi í jẹ ẹ̀wà Àgànyìn láàárọ̀. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí ₦416 ní iye tí ìjọba ń pè é nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ti lé ní ₦1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Putin kọ́ ló já náírà sílẹ̀. Àbújá ni wọ́n ti pinnu pé kí ọjà máa sọ iye náírà. Ó lè tọ̀nà, ó lè máà tọ̀nà, ẹnu àwọn onímọ̀ ò kò lé e lórí. Ohun tí àwa ní ìwé ìròyìn yìí kò ní gbà ni kí àwọn tó ṣe é máa sá pamọ́ sẹ́yìn ogun ọlọ́gun.

Ti epo rọ̀bì ló tún dunni jù. Ogun kan náà tó gbé àlìkámà sókè ló gbé epo kọjá $100 lórí àgbá kan, èrè epo ì bá sì ti dí ihò tí fúláwà dá sí wa lápò. Kí la rí? Oṣù lé oṣù ní ọdún 2022, NNPC kò rí kọ́bọ̀ dá sínú àpò tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ jọ ń pín, nítorí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ti gbé e mì. ₦4 tírílíọ̀nù làwọn aṣòfin fọwọ́ sí fún un lọ́dún náà. Àwọn olè ń fa epo nínú páìpù tó bẹ́ẹ̀ tí ohun tí à ń wà lóòjọ́ kò fi pé mílíọ̀nù kan àgbá mọ́ ní oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án. Òjò owó rọ̀, ìkòkò wa ti lu.

Ìjọba tó ń fi ogun ṣe àwáwí kì í ṣe tuntun létí ará Èkó. Nígbà Ogun Hitler, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ni ìjọba fi ṣe alákòóso oúnjẹ. Ó ń dá iye tí àwọn ìyá ọjà gbọ́dọ̀ ta gaàrí fún wọn, iye tí kò ká owó tí wọ́n fi rà á àti owó ọkọ̀ tó gbé e dé. Ogun ni, wọ́n ní kí gbogbo ayé fara dà á. Ni gaàrí bá wọ abẹ́ àtẹ. Alimotu Pẹlẹ́wurà, olórí ọjà Èrékò, obìnrin tí kò ka ìwé, kó àwọn oníṣòwò bíi tirẹ̀ lẹ́yìn, kò sì sinmi títí ìjọba fi mú ọwọ́ kúrò ní 1945. Pẹlẹ́wurà kò wá Hitler lọ o. Pullen tó wà nítòsí ló dojú kọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí owó oṣù dúró sójú kan nígbà tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí. Bọ́ọ̀mà ni wọ́n kó àwọn ọmọ wa lọ jà, síbẹ̀ nílé níbí ni ogun náà ti sọ òṣìṣẹ́ àti ìyá ọjà di agbára tí olóṣèlú kankan kò lè fojú fò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa. Ẹgbẹ̀rún mélòó kan ọmọ Nàìjíríà ló wà ní Ukraine lẹ́nu ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ wọn lórí ìmọ̀ ìṣègùn. Bọ́ǹbù lé wọn dé bodè Poland, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí aláwọ̀ dúdú bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó kó wọn wálé balẹ̀ sí Àbújá ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. Ó yẹ ká yin ìjọba fún ìyẹn. Àmọ́ ibo ni wọ́n dé sí? ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ọjọ́ mẹ́wàá géérégé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ títí di oṣù Kẹwàá. Ọmọ tó sá kúrò ní yunifásítì tí wọ́n ń ju bọ́ǹbù sí ìlú rẹ̀ dé ilé, ó bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì tí ẹnikẹ́ni ò ju òkò lù.

Lóṣù Kẹta yẹn náà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń lọ forúkọ sílẹ̀ ní iléeṣẹ́ aṣojú Ukraine ní Àbújá pé àwọn fẹ́ lọ jagun. Ìjọba àpapọ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà yẹn tì, òmíràn ṣí. Lónìí, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Alabuga Start ń fi iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọwọ́ fa ojú àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà tí kò tí ì ju ọdún 22 lọ mọ́ra, tí wọ́n bá dé Rọ́ṣíà tán, ilé iṣẹ́ tó ń to dírónù ogun ni ọ̀pọ̀ ń bá ara wọn. Àwọn ọkùnrin mìíràn gba físà, wọ́n bá ara wọn nínú kòtò ogun. Orí WhatsApp ni ẹ̀jẹ́ǹtì ti ń mú wọn. NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti àwọn tó ń fi èèyàn ṣòwò, ló yẹ kó wá àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì náà kàn, kó sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́ bó ṣe ń gbé àwọn tó ń kó ọmọbìnrin lọ sí Ítálì.

Kí á má sì gbàgbé oṣù Kẹjọ ọdún 2024, nígbà tí àwọn ọmọ kéékèèké ń fi àsíá Rọ́ṣíà ṣe ìwọ́de ebi ní Kánò àti Kàdúná. Àwọn agbófinró kó wọn, wọ́n kó télọ̀ tó rán àsíá mọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn dé kóòtù ní Àbújá ní oṣù Kọkànlá, ebi ti lu àwọn kan nínú wọn débi pé wọ́n ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́, kí Ààrẹ Tinubu tó ní kí wọ́n tú àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ẹni tó bá rí fọ́nrán yẹn tó ṣì ń sọ̀rọ̀ ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, ẹ bá wa kí i.

Ogun mìíràn yóò máa dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọjọ́ 12 péré ni Ísírẹ́lì àti Iran fi ń ta bọ́ǹbù síra wọn, ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kí níbí sì ti fi ₦55 kún líta bẹntiróòlù. Nígbàkígbà tí epo rọ̀bì bá tún fò sókè báyìí, kí Àbújá máa tẹ iye tó wọlé àti ibi tí wọ́n ná an sí jáde lóṣooṣù, kí gbogbo ayé rí i kà.

Ní ti búrẹ́dì, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lágbàáyé, IITA, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí irè oko, sì wà ní Ìbàdàn. Láti ayé Ọbásanjọ́ ni wọ́n ti ní kí àwọn ọlọ́lọ̀ máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó tó ìdá 10 nínú 100 kún fúláwà; ẹ lọ wá àṣẹ náà nínú fáìlì. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àṣẹ Àbújá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láti sáà iléèwé tó ń bọ̀, kí búrẹ́dì èyíkéyìí tí owó ìpínlẹ̀ bá rà fún iléèwé, ilé ìwòsàn tàbí àpèjẹ ìjọba ní ẹ̀gẹ́ nínú, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ náà sára náílọ́ọ̀nù.