Mo ti jáwọ́ nínú aṣọ ẹbí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ síta kí n má baà yíhùn padà: láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá, n kò ra aṣọ ẹbí ẹnikẹ́ni mọ́. Mo ṣì ń lọ òde o. Mo ṣì ń jó, mo ṣì ń náwó fún onílù bí ọwọ́ mi bá ṣe gbà á. Aṣọ yẹn ni mo fi sílẹ̀.

Òjò ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Omi ya wọ yàrá, mo sáré fa àpótí méjì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ ẹbí mẹ́tàdínlógún! Télọ̀ kò tíì fọwọ́ kan mẹ́rin nínú wọn, inú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e fún mi ni wọ́n ṣì wà. Mo gbé léèsì aláwọ̀ ewé kan sókè, n kò rántí òkú ta ni a fi sin. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó méjì nínú èyí tí mo ra aṣọ fún ti tú ká, oníkálukú ti bá tirẹ̀ lọ, aṣọ wọn ṣì ń dán nínú àpótí mi.

Mo mú bírò. Owó aṣọ, owó gèlè, owó télọ̀, owó ọkọ̀, owó ẹni tó ń wé gèlè láàárọ̀ kùtù. Nígbà tí mo dé orí ìkẹsàn-án, mo ju bírò sílẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ mi fún sáà kan ti pé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sáà yẹn gan-an ni mo lọ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa.

Ẹ má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀ àṣà. Orúkọ rẹ̀ ni aṣọ ẹbí. Àwọn ọmọ olóòkú àti ará ilé wọn ló ń dá a, kí ẹni tó bá wọlé lè mọ ẹni tó yẹ kó kí. Èmi tí mo kàn ń bá àbúrò ìyàwó ṣiṣẹ́ níbì kan náà, ìgbà wo ni mo di ẹbí? Ọ̀pọ̀ ti wá ń lé owó lórí rẹ̀ báyìí, èrè rẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó gbọ̀ngàn. Léèsì tí a sì ń tìtorí ẹ̀ bínú síra wa yìí, Lustenau, ìlú kékeré kan ní Ọ́síríà, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ojúlówó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti bí ọdún 1960 sí i.

Àyà mi ni mo tiẹ̀ ń wí. Bí fóònù bá ti dún, tí mo rí àwòrán aṣọ àti nọ́ńbà àkáǹtì nísàlẹ̀ rẹ̀, àyà mi á já. Lọ́jọ́ kan mo lọ ra oògùn orí fífọ́, obìnrin tó ń tà á ní kí òun wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi. 158/100 ló kà, bẹ́ẹ̀ 120/80 ni wọ́n ń fẹ́ kó máà kọjá. Ó ní, "Mà, kí lẹ ń rò?" Ojú tì mí láti sọ pé gèlè ni. (Dókítà ní iyọ̀ àti àìsùn náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀ o, kí n má purọ́ mọ́ gèlè.)

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ́n." Èmi rò pé ẹlẹ́wà ló ń bá wí. Mo lọ sí Ìtòkú, mo ra àdìrẹ aláró kan, òun ni mo ń wọ̀ lọ gbogbo òde báyìí.

Wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ àdìrẹ náà, ẹ̀yìn kánópì ni wọ́n fi mí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ọmọbìnrin tó ń pín ike gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀mejì, aṣọ ló ń wò, kò wojú. Ìrẹsì tó dé ọ̀dọ̀ mi ti tutù. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo délé, mo sùn fọnfọn, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí lọ́jọ́ Ajé pé owó òun dà.

Mo kó àwọn èyí tí a kò tíì rán fún àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ mi, kí wọ́n fi kọ́ṣẹ́. Mo pín ìyókù. Ọ̀kan ni mo dá padà sínú àpótí, ankara tí a wọ̀ sin bàbá mi.

Lánàá, àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tún kọ̀wé: "Àǹtí mi, ẹ kúkú mú gèlè nìkan, 15,000 péré ni." Mo fi 5,000 ránṣẹ́ sí i pé kó fi ra ọṣẹ ọmọ, mo ṣàdúrà tó gùn dáadáa tẹ̀ lé e. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.